Àwòrán Ẹni Tí A Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá yìí, a kò tíì yanjú rẹ̀ tán. Ó ti lé ní ọdún kan tí a ti ń gbé e kiri, a sì rò pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ní ìlú yìí, àfi pé a kì í sọ ọ́ síta.

Ilé wa kò tóbi. Yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Peckham, kò jìnnà sí Rye Lane, ni a ti ń péjọ. Ojúbọ egún wa wà ní igun kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: ọ̀pá, omi, àbẹ́là, àwo funfun, àti àwòrán àwọn òkú ilé wa. Ní ọdún tó kọjá, ní ọjọ́ tí a fẹ́ bọ egún, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, mú àwòrán kan jáde nínú àpò rẹ̀. Ó rà á ní ọjà Deptford, níbi tí wọ́n ti ń da ẹrù ilé àwọn tó ti kú sílẹ̀ tà: àga, ìkòkò, bàtà, ìwé. Pọ́n-ùn méjì ló san. Obìnrin dúdú kan ló wà nínú àwòrán náà, yóò tó ẹni ogójì ọdún. Ó dé àkẹtẹ̀ kékeré, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Ó ń wo onífọ́tò bí ẹni tó fẹ́ kí ó tètè ṣe é kí òun lè máa lọ. Kò sí orúkọ. Nọ́ńbà kan péré ni wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọmọ wa gbé àwòrán náà sí àárín àwọn tiwa, ó ta omi sílẹ̀, ó ní, "Ìyá wa, ẹ wá jẹun." A gbọ́ ọ, a kò sọ nǹkan kan. Ká má purọ́, inú wa dùn sí i. Ojú obìnrin náà jọ ojú ẹni tí a ti rí rí.

Nígbà tí a da obì, obì kò yàn. A tún un dà, kò yàn. A béèrè nípa oúnjẹ, a béèrè nípa omi, a béèrè bóyá ọ̀rọ̀ kan ti bọ́ lẹ́nu wa tí kò yẹ kó bọ́. Rárá ni. Ìgbà tó yá, ojú wa lọ sí àwòrán obìnrin aláketẹ̀ yẹn. A béèrè pé ṣé kí a gbé e kúrò lójúbọ. Obì yàn. A béèrè pé ṣé kí a gbé e jáde kúrò nínú ilé. Obì kò yàn. Ṣé ẹ rí i? Kí ó kúrò lójúbọ, ṣùgbọ́n kí ó má kúrò nílé.

Ẹni tó mọ obì mọ̀ pé obì kì í ṣàlàyé. Ìdí ọ̀rọ̀, ó di dandan kí àwa wá a. Ṣùgbọ́n ọmọ wa kò dúró de ìdí kankan. Omijé dé ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, wọ́n ti gba orúkọ wọn lọ́wọ́ wọn. Bí a bá ní kí á dúró dìgbà tí a bá rí orúkọ, ta ni yóò fún wọn lómi?"

Kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí àwòrán jẹ́ fún irú àwa. Ìyá wa wá sí Lọ́ńdọ̀nù láti Hanover ní Jàmáíkà ní ọdún 1962. Ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n wa. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó dé tó fi lọ ya fọ́tò. Kóòtù tó wọ̀ nínú fọ́tò náà, ti obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà ni. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe nígbà náà, ó ń fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì, yàrá wọn sì tutù débi pé omi ń sun lára ògiri. Kò sí ìkankan nínú èyí nínú fọ́tò. Ohun tí ìyá rẹ̀ gbà ní Hanover ni obìnrin kan tó wọ kóòtù olówó iyebíye, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ayé rọ̀ lọ́rùn.

Ọmọ Ọbàtálá ni wá, a kò gbọdọ̀ fi èké ṣeré, nítorí náà a bi í léèrè nígbà kan, kí ó tó di pé ó lọ, pé ṣé kò rò pé irọ́ ni òun fi ránṣẹ́ sí ìyá òun. Ó wò wá tìtì. Ó ní, "Mo fẹ́ kí Màmá rí oorun sùn." A kò tún béèrè mọ́. Síbẹ̀ a ṣì ń ronú sí i. Ó ṣeé ṣe kí fọ́tò bẹ́ẹ̀ jẹ́ irú àdúrà kan, ẹni tí orí ń mú un lọ dà ni ó fi ránṣẹ́ sílé ṣáájú ara rẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ irọ́ lásán, irọ́ tí ìfẹ́ pa. A kò mọ èwo ló wúwo jù.

Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ní Landor Road, lápá Stockwell àti Brixton, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Harry Jacobs ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kan tó fi nǹkan bí ogójì ọdún ṣiṣẹ́ níbẹ̀, títí di ọdún 1999. Àwọn ará erékùṣù Karibíà àti àwọn ará Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀: ọkọ àti ìyàwó tuntun, ọmọ ọwọ́, nọ́ọ̀sì nínú yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ìdílé tí gbogbo wọn wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Photographers' Gallery ní ọdún 2002, ibi ìpamọ́ ìwé ìtàn Lambeth ló sì ń tọ́jú wọn báyìí. Ẹni tó bá lọ wò wọ́n yóò rí ohun kan: kò sí ẹni tí wọ́n fi ipá mú jókòó. Ẹni tó jókòó ló sanwó, òun ló mọ aṣọ tí òun fẹ́ wọ̀, òun ló mọ ẹni tí òun ń fi ránṣẹ́ sí. Onífọ́tò kàn ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ni.

Nípa bẹ́ẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbéèrè kan wo gbogbo àwòrán àwọn ènìyàn wa tí a bá rí: ta ló pe onífọ́tò, ta ló sì gbé fọ́tò náà lọ sílé?

Ẹ wo ti Renty àti Delia. Ní ọdún 1850, ní Columbia ní South Carolina, Louis Agassiz, olùkọ́ Harvard tó fẹ́ fi hàn pé ènìyàn dúdú kò bá ènìyàn funfun ti orísun kan náà wá, mú kí onífọ́tò kan, Joseph Zealy, ya àwọn ẹrú méje. Wọ́n bọ́ wọn ní aṣọ. Renty ni baba, Delia ni ọmọ rẹ̀. Àwọn àwòrán náà wà nínú àjà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Peabody ti Harvard títí wọ́n fi rí wọn ní ọdún 1976, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń lò wọ́n kiri, lórí ìwé, nínú ẹ̀kọ́, níbi àpéjọ. A ti rí wọn. A kò ní gbé wọn kọ́ sára ògiri wa, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì ní júwe wọn ju báyìí lọ.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà padà sọ́dọ̀ ìdílé. Obìnrin kan, Tamara Lanier, ti gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ nípa bàbá ńlá wọn kan tí wọ́n ń pè ní Papa Renty. Orúkọ ló kọ́kọ́ ní lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí ìyá rẹ̀ kú ló tó rí ojú. Ó pe Harvard lẹ́jọ́ ní ọdún 2019. Ní ọdún 2022 ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Massachusetts kò gbà pé òun ló ni àwòrán náà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ó lè béèrè ẹ̀tọ́ lórí ìrora tí wọ́n kó bá a. Ní ọdún 2025 wọ́n parí ìjà náà, Harvard sì fara mọ́ ọn pé kí àwọn àwòrán náà máa lọ sí International African American Museum ní Charleston, ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti yà wọ́n. Ọdún márùndínlọ́gọ́sàn-án lẹ́yìn tí Zealy yà wọ́n.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé àwọn òyìnbó onímọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó wọ inú ilé òrìṣà pàápàá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1951, ìwé ìròyìn O Cruzeiro ní Bràsíìlì gbé àwọn fọ́tò tí José Medeiros yà ní Salvador jáde. Ìwé ìròyìn Faransé kan, Paris Match, ti gbé irú rẹ̀ jáde ní ìgbà díẹ̀ ṣáájú, àwọn ti Bràsíìlì kò sì fẹ́ kí àlejò ta wọ́n yọ. Medeiros wọ yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ìyàwó òrìṣà, ó ya orí tí wọ́n fá, ó ya ohun tó ń lọ lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì jókòó, ẹ má wá àwọn fọ́tò náà lọ. Ìyálórìṣà ilé náà ló gbà á láàyè o, a kò lè sọ pé olè ni ó jà. Síbẹ̀ àwọn olórìṣà ìlú bínú gidigidi, ariwo ọ̀rọ̀ náà kò sì tètè tán. Ní tiwa, ohun tó ń dùn wá kì í ṣe pé àwọn ènìyàn ríran. Ẹni tí orí rẹ̀ wà lórí ẹní, ẹni tí wọ́n ń bí lọ́wọ́ bí ọmọ ìkókó, kò sí ní ipò tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àṣẹ ìyá ilé kò tó láti sọ ọ́ fún un.

Ọmọ Yorùbá kan ya òrìṣà ní Brixton níbí láìwọ yàrá ẹnikẹ́ni. Rótìmí Fání-Káyọ̀dé ni. Èkó ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1955, bàbá rẹ̀ jẹ́ Balógun Ifẹ̀. Wọ́n sá kúrò nílé lẹ́yìn ìjọba ológun ọdún 1966, ó dàgbà ní Brighton, ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ó sì wá ń gbé Brixton láti ọdún 1983. Nígbà tí àwọn onífọ́tò dúdú dá ẹgbẹ́ Autograph sílẹ̀ ní ọdún 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ó kú ní oṣù kejìlá ọdún 1989, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọkùnrin ni ó ń fẹ́, ìhòòhò ló sì pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà àwọn àgbà kan nínú wa kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwa náà ti gbé ojú kúrò lára rẹ̀ rí, ká sọ ọ́ bó ṣe rí, ojú sì ń tì wá fún un nísinsìnyí. Nítorí ohun tó ṣe mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kó jọ nínú yàrá rẹ̀, àgbàlagbà tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó fi ọ̀dà, ìyẹ́ àti ìbòjú fún wọn, ó sì fi ara wọn ronú nípa òrìṣà, nípa àbíkú, nípa ilé tí kò lè padà sí. Kò gbé awo ẹnikẹ́ni tà.

Bí a ti ń ro gbogbo èyí, tí à ń dá Zealy lẹ́bi, tí à ń dá O Cruzeiro lẹ́bi, ni ọ̀rọ̀ wá yí ojú padà sí wa. Obìnrin aláketẹ̀ yìí, òun ló pe onífọ́tò. Òun ló sanwó. Òun ló gbé e lọ sílé, tàbí kó fi ránṣẹ́ sí ìyá tirẹ̀. Ikú ló mú àwòrán náà jáde nínú ilé rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó wá kó o. Àwa sì rà á ní pọ́n-ùn méjì, a gbé e síbi tí kò bẹ̀ wá pé kí a gbé òun sí, a sọ ọ́ di ìyá wa nítorí pé a nílò ìyá. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ìbọ̀wọ́ àti àkẹtẹ̀ yẹn, ó jọ ti ọjọ́ ìsìn. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa tó wá láti Jàmáíkà ni yóò sá kúrò nínú yàrá bí wọ́n bá rí ojúbọ. Ìyá tó bí wa gan-an kò wọ yàrá òrìṣà wa rí títí ó fi kú. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Kí á tó gbé àwòrán rẹ̀ sójúbọ, a dúró fún ọdún méjì, a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ léraléra. Òun tí a mọ̀, a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tí a kò mọ̀, a kò béèrè.

A kò sọ pé Agassiz ni ọmọ wa. Ìfẹ́ ló mú un ṣe ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó wà nínú àwòrán, ọ̀kan náà ni: ẹlòmíràn mú ojú òun, ó fi sọ ohun tí òun kò sọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa, ẹ kíyè sí àmì ohùn o. Àwòrán ni ohun tí à ń wò, awòran ni ẹni tó ń wòran. Inú ìwé ni a ti kọ́ èdè yìí, a sì ń ṣì wọ́n pè fún ọdún mẹ́wàá kí ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Rye Lane tó fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀, tó ní à ń pe ara wa ní fọ́tò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal kọ ọ́ ní ọdún 2001 pé inú à-wò-rántí ni àwòrán ti wá, ohun tí a wò tí a fi rántí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ń rántí bí a bá wo ojú ẹni tí a kò mọ̀ rí?

Ìbejì ló kọ́kọ́ là wá lójú díẹ̀. Ní ọdún 1978, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ nípa àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò yóò ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì tẹ̀ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ẹni pé àwọn méjèèjì ló jókòó. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni ọ̀kan tí èkejì jẹ́ obìnrin, ẹni tó kù yóò pààrọ̀ aṣọ. Fọ́tò náà lè dúró níbi tí ère ìbejì máa ń dúró sí. Ẹni tó kú kò jókòó níwájú kámẹ́rà rí. Ojú tó wà nínú fọ́tò, ojú tí wọ́n yá lọ́dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ ni. Síbẹ̀ òun ni, kò sí ẹni tó jiyàn, nítorí pé wọ́n mọ orúkọ rẹ̀. Táíwò ni tàbí Kẹ́hìndé. Wọ́n mọ ìyá tó bí i, wọ́n mọ ọjọ́ tó lọ. Ojú rẹ̀ kò sí, ṣùgbọ́n orúkọ wà, ó sì tó.

Ẹ wá wo egúngún wa. Nígbà tí àwọn ará ọ̀run bá wá kí wa, ṣé ojú wọn ni wọ́n máa ń ṣí? Aṣọ bo gbogbo wọn láti orí dé ẹsẹ̀. Ohùn ni wọ́n fi ń wá. Wọ́n á pe ẹni tí wọ́n fẹ́ pè, wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á bá a wí, a ó sì mọ̀ wọ́n nípa oríkì wọn. Egúngún ní ohùn, kò ní ojú. Fọ́tò ní ojú, kò ní ohùn. A kò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ báyìí fún wa, bí a bá ṣì í, kí àwọn àgbà bá wa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ó jọ lójú wa pé ìdí nìyí tí obì kò fi yàn. Ojúbọ egún jẹ́ ibi ìpè. Ẹni tí a kò lè pè, báwo ni yóò ṣe dáhùn?

A mọ obìnrin kan tí ojú rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ kò bára mu. Ẹ̀yin náà ti rí fọ́tò rẹ̀: ọmọ Yorùbá tí àwọn ará Dàhọ̀mì kó lógun, tí ọba Gẹ́zò fi ta Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, lọ́rẹ ní ọdún 1850, tí ayaba Victoria sì tọ́jú. Camille Silvy yà á ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1862, ọdún tó ṣègbéyàwó. Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n kọ síbẹ̀, orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àìná ni orúkọ rẹ̀ tí ìtàn mọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Àìná mọ bí ó ṣe wáyé, ó gbé ìwọ́ kọ́rùn. Aṣọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tó wọ̀ níwájú Silvy kò sọ èyí. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo ló sọ ọ́.

A sọ gbogbo èyí fún ọmọ wa. Ó gbọ́, ó ronú, ó sì fèsì. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń júbà àwọn tí a mọ̀ àti àwọn tí a kò mọ̀. Àwọn tó kú sínú òkun, kò sí orúkọ wọn kankan lọ́wọ́ yín, ẹ sì ń fún wọn lómi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." Òótọ́ ló sọ. A kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni a tó sọ fún un pé nígbà tí a bá ta omi fún àwọn tí a kò mọ̀, a kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. A ṣí ilẹ̀kùn, ẹni tó bá fẹ́ wọlé á wọlé, ẹni tí kò fẹ́ á kọjá lọ. Àwòrán kò fún obìnrin yẹn láǹfààní láti kọjá lọ. Ó ní òun gbọ́. Kò sọ pé òun gbà. A kò sì fipá mú un, nítorí ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi wá kò tíì tán nílẹ̀: ẹni tó ti ṣe àṣìṣe nítorí pé ó fẹ́ fún òkú lómi, àti ẹni tí kò ṣe àṣìṣe rárá nítorí pé kò bìkítà, èwo ló sàn?

Ohun tí a ṣe ni pé a gbé obìnrin aláketẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ibi tí àwọn àlejò máa ń bọ́ kóòtù wọn sí. A kì í bọ ọ́. A máa ń kí i, "Ẹ káàárọ̀ mà," bí a ti ń kí àgbà tí a bá pàdé lójú ọ̀nà tí a kò mọ̀. Ọmọ wa gbé ẹ̀dà àwòrán náà lọ sí Brixton, lọ fi han àwọn òṣìṣẹ́ Black Cultural Archives ní Windrush Square, àwọn tí wọ́n ti ń kó irú ìwé àti àwòrán bẹ́ẹ̀ jọ láti ọdún 1981. Ó tún ń fi han àwọn ìyá àgbà tó bá bá pàdé níbi ìsìnkú àti níbi ìgbéyàwó. Ìyá kan ní àkẹtẹ̀ yẹn jọ ti ṣọ́ọ̀bù kan tí òun mọ̀ ní Peckham nígbà náà. Òmíràn ní obìnrin náà kò lè jẹ́ ará Jàmáíkà, bí ó ṣe jókòó yẹn. Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, kò yé wa o.

Lẹ́yìn náà a bá ara wa sọ ọ́ pé kí á tó máa wá orúkọ ẹlòmíràn kiri, ẹ jẹ́ kí á wo tiwa. A kó gbogbo àwòrán ojúbọ sílẹ̀, a kó ti inú àpótí náà, a mú pẹ́ńsùlù, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan: orúkọ ẹni náà, orúkọ ìyá, orúkọ bàbá, ibi tí wọ́n ti yà á, ọdún, òrìṣà rẹ̀ bí ó bá ní. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ lò, kí ẹ má lo bírò, nítorí bírò máa ń là á kọjá síwájú. Ọjọ́ Sátidé méjì ló gbà wá. A rí àwòrán mọ́kànlá nínú ilé ara wa tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn ni a kan fọ́tò ìyá ìyá wa, ọ̀kan ṣoṣo tí a ní. Ó dúró níwájú ilé pákó ní Hanover, ó gbé ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn, ó sì fi ọwọ́ kejì mú nǹkan kan dání. Nígbà tí a fi awò wò ó dáadáa, fọ́tò ni: ìyá wa nínú kóòtù tó yá wọ̀. A kọ orúkọ rẹ̀. A kọ ibẹ̀. Nígbà tí ó kan orúkọ ìyá rẹ̀, ọwọ́ wa dúró. Ọdún méjìdínlógún nìyí tí a ti ń bọ egún ilé wa, a kò mọ̀ ọ́n. Ní Hanover, wọ́n ṣì ń jó ijó Etu tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá wá. Ní Westmoreland tó múlé tì í, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Abẹ́òkúta. A ti fi èyí yangàn lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. A kò béèrè orúkọ obìnrin kan rí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá wa kan ṣì wà láàyè níbẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànléláàdọ́rùn-ún. Ọmọ rẹ̀ sọ fún wa pé iyè rẹ̀ kì í ṣí mọ́, àfi ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí ó tó jẹun. Kùtùkùtù tiwọn, ọ̀sán ni níbí. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti ta omi sílẹ̀, a ó pè é.